Ìjàpá Òkè Ọya àti Ìjàpá Igbó Rẹ́mọ

Lọ́sẹ̀ yìí mo fẹ́ kí ẹ bá mi rin ìrìn àjò kékeré kan ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Sábó Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, kí a sì padà sílé kí n lè pe ìrun Àlàásárì lákòókò. Ohun tí ó gbé mi dìde kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀ràn owó. Ọ̀ràn ìjàpá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn náà pa àbígbẹ̀yìn mi lẹ́kún, ó sì dójú tì mí níwájú ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó lè ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe.

Gbogbo wa ni a gbọ́ àlọ́ ìjàpá, ọkọ Yánníbo, dàgbà. A mọ ọgbọ́n rẹ̀ àti ọ̀kánjúwà rẹ̀ ju bí a ti mọ ti aládùúgbò wa lọ. Ṣùgbọ́n ìjàpá inú àlọ́ ni a mọ̀. Èyí tí ń rìn nílẹ̀ kò yé wa. Bí wọ́n bá bi wá pé oríṣi ìjàpá mélòó ni ó wà, ọ̀pọ̀ wa yóò dáhùn pé ìjàpá ni ìjàpá. Èmi náà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ẹ̀yìn ilé ìdáná wa ní Ṣágámù, ìyàwó mi ní ọgbà kékeré kan tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ yí ká, lábẹ́ igi ìyeyè. Ìjàpá igbó méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni ó gbé wọn wá láti oko obì rẹ̀, nígbà tí iná tí wọ́n fi ń sun ìgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń tutù, ewé gbígbẹ sì kún un tí wọ́n máa ń wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ sùn. Àbígbẹ̀yìn wa, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni ó ń tọ́jú wọn. Kí ó tó lọ sí ilé ìwé láàárọ̀, a fún wọn ní ìyeyè tí ó bọ́ sílẹ̀, ìbẹ́pẹ, olú, àti àwọn ìgbín kéékèèké tí ó bá rí lára ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa Sábó fún ẹni tí kò bá mọ ìlú wa. Ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sí ojú kan tí ó di Ṣágámù. Ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ obì gbànja. Obì yìí ni ó fa àwọn oníṣòwò Hausa wá láti òkè Ọya, òun ni wọ́n sì torí rẹ̀ tẹ Sábó dó. Àwọn obìnrin wa ń bó obì, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣà á, wọ́n ń fi ewé dì í sínú apẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Sábó ń kó o sínú ọkọ̀ lọ sí Kánò àti ibi tí ó jìnnà ju Kánò lọ. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń padà bọ̀, àlùbọ́sà, ẹ̀wà àti àgbò ni ó máa ń kó wá. Ní Òkítóbà ọdún tí ó kọjá, ìjàpá kan bá wọn wá pẹ̀lú.

Àlájì kan tí a jọ máa ń kírun Jímọ̀ ni ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a lórí àpò àlùbọ́sà. Ó nawọ́ sí ìjàpá náà lábẹ́ ọkọ̀, ó ní, “Àfáà, kunkuru ni a ń pè é ní èdè tiwa. Ẹ gbé e lọ fún àwọn ọmọ.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e, ó wúwo bí òkúta. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn. Èèpo líle ṣọnṣọ wà lára ẹsẹ̀ àti itan rẹ̀, egungun kan sì yọ síwájú lábẹ́ ọrùn rẹ̀ bí ìwo. Ó tóbi tó méjì nínú tiwa.

Nígbà tí mo dé ilé, ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, “Bàbá wọn, ẹ ò rí i pé eléyìí kò jọ àwọn tiwa? Ẹ jẹ́ kí ó sùn lọ́tọ̀ ná.”

Mo ní, “Ìjàpá kan kò lè jẹ́ àjèjì sí ìjàpá. Ṣé kì í ṣe ilé kan náà ni gbogbo wọn gbé pọ̀n?” Mo sì gbé e sínú ọgbà pẹ̀lú àwọn tí ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ máa gbọ́ ti ìyàwó yín. Ní ọjọ́ kẹrin, àlejò náà bẹ̀rẹ̀ sí fi egungun abẹ́ ọrùn rẹ̀ ti èyí tí ó kéré jù nínú àwọn tiwa. Ó ń tì í títí yóò fi kan ògiri. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ikun ń yọ nímú àlejò fúnra rẹ̀, kò sì fẹ́ jẹun mọ́. Ní ọjọ́ Àlàmísì ọ̀sẹ̀ kẹta, ọmọ mi ti ilé ìwé dé, ó sáré lọ sí ẹ̀yìn ilé bí ìṣe rẹ̀, ó sì ké. Èyí kékeré ti fẹ̀yìn lélẹ̀ ní igun tí òjìji igi kì í dé lọ́sàn-án, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lókè. Oòrùn ti pa á.

A sin ín sí ìdí ìyeyè. A máa ń sọ ìtàn kan fún àwọn ọmọ kéwú, ti obìnrin tí a fìyà jẹ nítorí ológbò tí ó tì mọ́lé, tí kò bọ́ ọ, tí kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀. Mo ti sọ ìtàn náà ní ìgbà àìmọye. Ní ọjọ́ náà ni ó tó kàn mí. Ẹranko tí a bá sé mọ́ inú ọgbà kò lè sá fún ohun tí a bá sé mọ́ ọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Mo ti gbọ́ pé tíṣà àgbà kan wà níbẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó sì ti ń sin ìjàpá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà náà dùn ún rìn ní àkókò bẹ́ẹ̀. Òjò ti ń lọ sílé, oko ẹ̀gẹ́ dúdú lójú, àwọn igi obì àti kòkó sì fi ewé bo ara wọn bí ẹni pé wọn kò fẹ́ kí oòrùn rí ilẹ̀. Mo ń wo abẹ́ wọn láti ojú fèrèsé ọkọ̀: ilẹ̀ tútù, ewé jíjẹrà, òjìji. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ibẹ̀ ni ilé ìjàpá wa. Ta ni ó ti rí iyanrìn àti oòrùn gangan níbẹ̀?

Gbogbo yín mọ Ìkẹ́nnẹ́. Ibẹ̀ ni a bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní 1909, ibẹ̀ náà ni Tai Solarin dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956. Ilé tíṣà àgbà náà kò jìnnà sí ojú títì. Ó jókòó sí ẹ̀bá ilé, ó ń gé koríko eéran sínú abọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ dìde, Àfáà, ẹ káàbọ̀.” Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, n kò fi ọ̀kan pamọ́. Kò bá mi wí. Ó kàn dìde, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ọgbà méjì ni ó wà ní ilé rẹ̀, ọ̀kan ní iwájú, ọ̀kan ní ẹ̀yìn, ilé sì là wọ́n láàrin. Ti ẹ̀yìn ṣókùnkùn, ó tutù, ó kún fún ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìjàpá igbó ni ó wà níbẹ̀. Ti iwájú gbẹ, oòrùn ń tàn sí i, koríko hù níbẹ̀, a sì fi páànù bo ilé kékeré kan ní igun rẹ̀ kí òjò má baà pa ẹni tí ń gbé inú rẹ̀. Ìjàpá òkè Ọya kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Mo bi í pé, “Bàbá, èé ṣe tí ẹ fi ya wọ́n tó báyìí?” Ó sì fi ohun mẹ́rin yé mi, tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà fi sọ́kàn.

Èkíní ni ilẹ̀ tí olúkúlùkù ti wá. Ìjàpá òkè Ọya jẹ́ ẹranko ilẹ̀ gbígbẹ ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal àti Mali, títí dé Niger, Chad, Sudan àti Ethiopia. Ibẹ̀ ni òjò kì í rọ̀ ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lọ́dún. Nígbà tí ooru bá mú, a gbẹ́ ihò jíjìn, a wọ inú rẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ó sì ní ọ̀rinrin lọ́sàn-án àti lóru, àyà rẹ̀ ni yóò bá a jà. Ikun tí mo rí nímú rẹ̀ nìyẹn. Ìjàpá igbó wa ní tirẹ̀ kò lè fara da oòrùn ọ̀sán. Ibi tí ó bá dára fún ọ̀kan, ibẹ̀ ni ó ń pa èkejì. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ọgbà náà ní ìdajì-ìdajì kí ó lè bá àwọn méjèèjì mu, kò ní í bá ẹnì kan mu.

Èkejì ni oúnjẹ. Ìjàpá òkè Ọya jẹ́ ẹran koríko bí ewúrẹ́. Koríko tútù, koríko gbígbẹ àti ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Bí èso dídùn bá pọ̀ fún un, inú rẹ̀ yóò dàrú, ìgbín àti ẹran kò sì bá a lára mu. Ìjàpá igbó ń jẹ olú, èso tí ó bọ́, ìgbín, ekòló àti ọ̀kùn. Ẹ wo bí ọmọ mi ti ń da ìyeyè àti ìbẹ́pẹ sílẹ̀ fún gbogbo wọn láìmọ̀. Ohun tí ó ń fi ìfẹ́ ṣe fún méjì ń ṣe ẹ̀kẹta ní jàǹbá.

Ẹ̀kẹta ni agbára. Kò sí ìjàpá orí ilẹ̀ tí ó tóbi tó ti òkè Ọya ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, bí a bá yọ àwọn ti erékùṣù sílẹ̀. Akọ rẹ̀ lè gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà, kí ó sì wọn 100 kílò. Ìjàpá igbó wa kì í sábà gùn ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Akọ ti òkè Ọya a máa fi egungun abẹ́ ọrùn rẹ̀ ti akọ bíi tirẹ̀ láti dojú rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá tóbi bíi tirẹ̀ lè jà padà tàbí kí ó yẹra, ṣùgbọ́n èyí kékeré tí ògiri há mọ́ kò rí ibi lọ. Bí ìjàpá bá fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú oòrùn tí kò lè yí padà, kò ní í pẹ́ kú.

Ẹ̀kẹrin ni àrùn. Aràn inú àti kòkòrò àrùn tí ń gbé lára ìjàpá ilẹ̀ kan tí kò sì ṣe é ní nǹkan, lè pa ìjàpá ilẹ̀ mìíràn tí ara rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n rí. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ rí ìjàpá tuntun tí ó jẹ́ oríṣi kan náà pẹ̀lú ti ilé yín, ẹ jẹ́ kí ó dá wà fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, kí ẹ tó kó wọn pọ̀. Ohun tí ìyàwó mi wí gan-an nìyí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ.

Tíṣà àgbà gbé ọ̀kan nínú ìjàpá igbó rẹ̀ sókè kí n wò ó. Apá ẹ̀yìn igbá rẹ̀ lè yí wá sílẹ̀ bí ìdérí àpótí, kí ó fi pa ẹsẹ̀ àti ìrù rẹ̀ mọ́ bí ọ̀tá bá dé. Ìjàpá òkè Ọya kò ní irú rẹ̀. Ó ní àwọn onídìí pípadé yìí pàápàá kì í ṣe ọ̀kan: òmíràn wà tí ẹ̀yìn igbá rẹ̀ já wálẹ̀ gbọọrọ bí ògiri, òmíràn wà tí etí igbá rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, òmíràn sì wà tí ó fẹ́ràn ilẹ̀ ọ̀dàn ju igbó lọ. Ó dára kí olúkúlùkù wà pẹ̀lú oríṣi rẹ̀. Ìjàpá inú omi tí àwọn ọmọdé ń mú ní odò kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá; ẹran ni ó ń jẹ, a máa ge ni jẹ, omi sì ni ilé rẹ̀. Ẹ dá a padà sí odò.

Mo sọ fún un pé mo ti rí ìjàpá ńlá rí ní ààfin Ṣọ̀ún ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Àlàgbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ẹ rí i pé òun nìkan ni ó ń jẹ ayé rẹ̀?” Àlàgbà kú ní Òkítóbà 2019. Ààfin sọ pé ó jẹ́ ẹni ọdún 344, àti pé Ṣọ̀ún kẹta ni ó mú un wá sí ààfin. Àwọn onímọ̀ ẹranko kan kò gbà pé ìjàpá lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí ó wù kí ó jẹ́, gbogbo ayé gbà pé ó pẹ́, ènìyàn méjì ni a sì yàn láti máa tọ́jú rẹ̀. Ní erékùṣù St Helena, ìjàpá kan wà tí ń jẹ́ Jonathan, tí wọ́n gbé dé ibẹ̀ ní 1882 nígbà tí ó ti dàgbà. Ní 2022 wọ́n ṣe ayẹyẹ 190 ọdún fún un. Àwọn ìjàpá mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n irú tirẹ̀ ni wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé ẹranko tí a lè fi sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ wa tọ́jú ni eléyìí. Kì í ṣe ohun ìṣeré ọdún kan.

Nígbà tí mo padà sílé, èmi àti àwọn ọmọ mọ ọgbà mìíràn sí ìhà ibi tí oòrùn ti ń là. A wa ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn nítorí ihò tí ìjàpá òkè Ọya ń gbẹ́, a sì jìnnà sí kòtò ìdọ̀tí. A fi páànù bo ilé rẹ̀, a gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga kí àgbàrá má baà wọ̀ ọ́. A fi abọ́ omi pẹlẹbẹ síbẹ̀, èyí tí ìjàpá lè wọ̀ kí ó sì jáde láìrì. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́. Nígbà tí ọyẹ́ fi dé, ikun ti gbẹ nímú rẹ̀, ó sì ń jẹ koríko bí àgbò.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ kan kù tí ó kàn yín jù. Bí ìjàpá tilẹ̀ dá ṣáká, kòkòrò àrùn tí a ń pè ní Salmonella lè wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀ àti lára rẹ̀, tí ó lè fún ọmọ ní ìgbẹ́ gbuuru àti ibà. Kí ọmọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fọwọ́ kàn án. Kí a má ṣe fọ abọ́ rẹ̀ ní ibi tí a ti ń fọ abọ́ oúnjẹ, kí a má sì jẹ́ kí ó rìn nínú ilé ìdáná. Ọmọ ọwọ́ kò gbọdọ̀ fi í ṣeré rárá.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ ka ọ̀rọ̀ mi kí ẹ lọ ra ìjàpá ní ọjà. Wọ́n ń dín kù nínú igbó wa àti ní òkè Ọya pẹ̀lú, nítorí iná, nítorí ẹran jíjẹ, àti nítorí àwọn tí ń kó wọn tà. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí òwò irú ẹranko bẹ́ẹ̀ ní 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ ní 1985. Bí ẹ bá rí ìjàpá tí ń kọjá lọ́nà oko, ẹ gbé e sọdá sí ìhà tí ó dojú kọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa lọ. Ẹ má sì gbé ti òkè Ọya lọ jù sínú igbó Rẹ́mọ. Ìyẹn kì í ṣe ìdásílẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan lè fi ọ̀rọ̀ ìjàpá yìí pa òwe fún ènìyàn, kí ó ní, ṣé ẹ rí i, ẹni òkè Ọya àti ọmọ Rẹ́mọ kò lè gbé pọ̀. Kí ó má ṣe sọ ọ́ létí mi. Ní Júláì 1999, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Ṣágámù láàrin àwa àti àwọn ará Sábó, ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Ọ̀dọ́ ni mo jẹ́ nígbà náà, n kò sì gbàgbé. Lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n bẹ ara wọn, obì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí lọ, àlùbọ́sà sì tún ń bọ̀. Ìjàpá kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé oòrùn pọ̀ fún mi, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ mi ń dùn mí. Ènìyàn ní ẹnu, ó sì ní etí. Ohun tí ògiri ń ṣe fún ìjàpá, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe é fún wa.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a parí ọgbà tuntun náà, ọmọ mi jókòó tì mí, ó ní, “Bàbá, ṣé ìjàpá Àlájì mọ̀ pé òun ni òun pa tèmi?”

Mo ní, “Rárá, ọmọ mi. Kò mọ̀. Èmi ni ó yẹ kí n mọ̀.”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì dìde lọ gé koríko fún un. Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin òǹkàwé wa.